Bí ẹ ṣe máa wo WAFCON tó máa yé yín: ẹ mú bíírò àti ìwé dání

Ẹ má rín mi o. Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo máa ní kẹ́ ẹ wá sílẹ̀ kí WAFCON, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe jẹ́ẹ̀sì, kì í ṣe mínírà, bíírò ni àti ìwé kan tó mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé fáínà là ń dúró dè, tí Super Falcons, tíímù obìnrin Nàìjíríà, bá débẹ̀ a ó pariwo, tí wọn ò bá débẹ̀ a ó ní àwọn ọmọ yìí ò ṣe dáadáa, ó parí, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ibi tó dùn jù nínú nǹkan yìí ti lè kọjá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tẹ́ ẹ ń wo nǹkan míì. Èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Gólù kan tó wọlé ní ìṣẹ́jú 89 ló kọ́ mi lọ́gbọ́n, mo máa débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọdún, torí ó máa ń da orí èèyàn rú. Ọdún tó wà lára orúkọ ìdíje yẹn lè má jẹ́ ọdún tí wọ́n gbá a. WAFCON 2024, inú July 2025 ni wọ́n gbá a ní Mòrókò, ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 26. Ti 2020 ò tiẹ̀ wáyé rárá, kòrónà gbé e lọ. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń wá èsì lórí fóònù tẹ́ ò rí i, ẹ gbìyànjú ọdún tó tẹ̀lé e kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀ẹ̀kejì, iye ife tí Nàìjíríà ti gbà. Ìjà ńlá ni èyí máa ń dá sílẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n tán, ẹni kan á ní 10, ẹlòmíì á ní 12, àwọn méjèèjì á sì máa fi àyà sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń parọ́ nínú wọn. Ní 1991 àti 1995, kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó gbàlejò, ńṣe ni wọ́n ń gbá a lọ gbá a bọ̀, ẹ wá sílé wa, àwa náà á wá sílé yín, kí wọ́n lè fi mọ ẹni tó máa lọ World Cup. Nàìjíríà ló borí méjèèjì. 1998 ni wọ́n tó kó gbogbo tíímù jọ sójú kan, Nàìjíríà ló sì gbàlejò, Abẹ́òkúta wa níbí ni wọ́n ti gbá fáínà, a na Gánà 2-0. Àwọn tó ń ka ife láti 1998 ló ń sọ pé 10, ìyẹn 1998, 2000, 2002, 2004, 2006, 2010, 2014, 2016, 2018 àti 2024. Àwọn tó fi méjì ìjọ́sí kún un ló ń sọ 12. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe ìrìn-àjò 2025 ní Mission X, X yẹn ni 10 nínú nọ́ńbà Róòmù. Ẹ kọ ọ́ sí orí ìwé yín lókè, ẹ máa nílò ẹ̀ tí àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún kọ àwọn tó gba ife lọ́wọ́ wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: Equatorial Guinea ní 2008 àti 2012, nílé wọn ni lẹ́ẹ̀mejèèjì, àti South Africa ní 2022. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ẹ ò rí i pé ó ṣe díẹ̀.

Ó yá, ẹ ṣí ìwé.

Ẹ ya àpótí fún gúrúùpù kọ̀ọ̀kan. Ní 2022 àti 2024, tíímù 12 ni, gúrúùpù mẹ́ta, tíímù mẹ́rin mẹ́rin. CAF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà, ti kéde pé àwọn á sọ ọ́ di 16, ìyẹn gúrúùpù mẹ́rin, tó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀ ìṣirò yín á rọrùn torí méjì àkọ́kọ́ nínú gúrúùpù kọ̀ọ̀kan ló máa lọ, ó tán. Àmọ́ kíka ti 12 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ, ẹni tó bá mọ ìyẹn ti mọ èyí. Ẹ to orúkọ àwọn tíímù wálẹ̀, kẹ́ ẹ wá fa ìlà fún iye eré tí wọ́n ti gbá, gólù tí wọ́n gbá wọlé, gólù tó wọlé wọn, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, àti pọ́ìntì. Ẹni tó bá borí gba 3, ọ̀mì jẹ́ 1 fún kálukú, ẹni tí wọ́n nà gba òfo. Ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa o, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ há jù, ẹ ò ní rí ibi tẹ́ ẹ máa fagi lé e.

Ibi tí àwọn tó ń wo Premier League ti máa ń ṣìnà rèé. Lọ́hùn-ún, tí tíímù méjì bá ní pọ́ìntì kan náà, ìyàtọ̀ gólù ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. CAF ò ṣe bẹ́ẹ̀. CAF á kọ́kọ́ bèèrè pé, nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì pàdé, ta ló na ta? Tí ẹnì kan bá ti na ìkejì, ọ̀rọ̀ parí, òun ló wà lókè, kódà kí ìkejì gbá gólù ogún wọlé lára àwọn yòókù. Ọ̀mì ni wọ́n gbá? Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa ka ìyàtọ̀ gólù gbogbo eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́yìn ẹ̀ iye gólù tí wọ́n gbá wọlé, tí gbogbo ẹ̀ bá tún dọ́gba, wọ́n á ṣẹ́ kèké.

Ẹ wo gúrúùpù kìn-ín-ní ní 2024 kẹ́ ẹ rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mòrókò àti Sáńbíà gbá ọ̀mì 2-2 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ Mòrókò na Kóńgò (DR Congo) 4-2, ó na Sẹ̀nẹ̀gà 1-0. Sáńbíà na Sẹ̀nẹ̀gà 3-2, ó na Kóńgò 1-0. Ẹ ṣírò ẹ̀. Àwọn méjèèjì ní pọ́ìntì 7. Èyí tí wọ́n gbá láàárín ara wọn, ọ̀mì. Ó wá ku gólù: Mòrókò gbá 7 wọlé, 4 wọlé ẹ̀, ó ku 3. Sáńbíà gbá 6 wọlé, 4 wọlé ẹ̀, ó ku 2. Gólù kan ṣoṣo. Mòrókò ló wá ṣe ipò kìn-ín-ní, ó lọ bá Màlì ní kọ́tà-fáínà, ó nà á 3-1. Sáńbíà tó ṣe ipò kejì, ta ló lọ bá? Àwa. Gólù márùn-ún, ẹyọ kan ò wọlé wa. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ọjọ́ tí wọ́n na Kóńgò ní ẹyọ kan péré ni Sáńbíà ti fọwọ́ ara wọn ra ìyà yẹn. Ẹni tí kò bá kọ nǹkan sílẹ̀ á rò pé ṣe ni wọ́n kàn kó sọ́wọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni-kẹta wá kù, òun gangan ló ń jẹ́ kí n máa pariwo bíírò. Nínú tíímù 12, mẹ́jọ ló ń lọ kọ́tà-fáínà, méjì àkọ́kọ́ nínú gúrúùpù mẹ́ta jẹ́ mẹ́fà, ó ku méjì, wọ́n á mú u láàárín àwọn mẹ́ta tó ṣe ipò kẹta. Ẹ ya àpótí kékeré kan sísàlẹ̀ ìwé fún àwọn mẹ́ta yẹn nìkan. Àwọn yìí ò pàdé ara wọn, nítorí náà pọ́ìntì la ń wò, tó bá dọ́gba, ìyàtọ̀ gólù.

Mo wà nílé Àǹtí mi lọ́jọ́ tí a gbá pẹ̀lú Bòtswánà, ọjọ́ 10 July 2025. A ti fi 3-0 na Tùnísíà ṣáájú, nítorí náà gbogbo èèyàn ti rò pé Bòtswánà á rọrùn bí ẹ̀kọ. Kò rọrùn o. Àwọn ọmọ yẹn há gbogbo ibẹ̀ pa, bá a ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù lọ ni wọ́n ń gbé e padà fún wa. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 80 àti díẹ̀, Àǹtí mi ti gbé orí lé apá àga, wọ́n ní "pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, ọ̀mì náà ni, kì í kúkú ṣe fáínà." Mo ní ẹ jẹ́ ó parí ná. Ìṣẹ́jú 89, Michelle Alozie. 1-0. Àǹtí ta jí, wọ́n pariwo, wọ́n tún padà sùn. Èmi náà rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, pé àwa ló ṣe láǹfààní.

Ẹ wá wo ohun tí gólù yẹn ṣe. Bòtswánà na Tùnísíà 2-1 ní eré tó kẹ́yìn, wọ́n ní pọ́ìntì 3, wọ́n ṣe ipò kẹta. Sẹ̀nẹ̀gà náà ní 3 nínú gúrúùpù tiẹ̀, àmọ́ ó ti fi 4-0 na Kóńgò, ìyàtọ̀ gólù tiẹ̀ jẹ́ 2 lókè, ti Bòtswánà jẹ́ ẹyọ kan nísàlẹ̀. Ó wá ku gúrúùpù ìkẹta tó máa gbá lọ́jọ́ kejì. Gánà àti Tànsáníà ní pọ́ìntì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fẹ́ pàdé ara wọn. Tí wọ́n bá gbá ọ̀mì, ẹni-kẹta níbẹ̀ á ní 2 péré, Bòtswánà á wọlé. Nítorí náà lọ́jọ́ yẹn, gbogbo Bòtswánà á máa gbàdúrà ọ̀mì fún eré tí wọn ò sí nínú ẹ̀. Gánà na Tànsáníà 4-1. Gánà di pọ́ìntì 4 pẹ̀lú Màlì, ìyàtọ̀ gólù ló gbé Gánà síwájú, Màlì wá di ẹni-kẹta pẹ̀lú pọ́ìntì 4. Màlì àti Sẹ̀nẹ̀gà ló lọ. Bòtswánà lọ sílé.

Ká ní Alozie ò gbá tiẹ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú 89 ńkọ́? Bòtswánà ì bá ní pọ́ìntì 4. Wọn ì bá ti kọjá Sẹ̀nẹ̀gà láìbèèrè lọ́wọ́ Gánà. Àwa ṣì máa lọ náà, nǹkan kan ò ní yí padà fún wa púpọ̀. Gólù tí Àǹtí mi fẹ́ pa tẹlifíṣọ̀n lé lórí ló dá orílẹ̀-èdè kan padà sílé, mo sì rí i nínú ìwé mi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mi ò rí i lójú tẹlifíṣọ̀n.

Àfikún kan lórí gúrúùpù: eré méjì tó kẹ́yìn nínú gúrúùpù kan, àkókò kan náà ni wọ́n ń gbá wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ohun tó yẹ kó ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan sórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi ìkejì sórí fóònù, kódà kó jẹ́ èsì lásán lẹ máa rí torí dátà. Fóònù kan, èèyàn kan tí kò ní máa ṣí WhatsApp. Ẹ yan ẹni yẹn dáadáa.

Tó bá di kọ́tà-fáínà, ẹ kọ́kọ́ wádìí nǹkan kan: ṣé ìdíje tọ̀tẹ̀ yìí ló ń mú èèyàn lọ World Cup àbí òun kọ́? Ti 2024 kò mú ẹnikẹ́ni lọ World Cup. Ti 2022 mú wọn lọ, àwọn mẹ́rin tó dé sẹ́mì-fáínà, Mòrókò, South Africa, Sáńbíà àti àwa, ló lọ Australia àti New Zealand tààrà ní 2023. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n nà ní kọ́tà-fáínà tún lọ gbá láàárín ara wọn, Kamẹrúùnù àti Sẹ̀nẹ̀gà ló yege níbẹ̀, wọ́n lọ bá àwọn ará ìta du àyè tó kù, wọn ò rí i gbà. Ẹ rí i, tó bá jẹ́ irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni, kọ́tà-fáínà ni fáínà. Ẹ máa rí i lára àwọn agbábọ́ọ̀lù pàápàá, ẹsẹ̀ á wúwo, ẹni tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù síwájú á máa gbá a sẹ́yìn. World Cup 2027, Brazil ni, torí náà ọ̀nà ibẹ̀ ni WAFCON 2026 wà fún.

Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí ẹni tí wọ́n bá nà á lọ sílé yìí, ẹ fi gólù sílẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ máa wo káàdì. Sẹ́mì-fáínà 2022 ní Rabat, àwa àti Mòrókò, èèyàn tó lé ní 45,000 nínú pápá, gbogbo wọn ló ń pariwo lé wa lórí. Wọ́n fún Halimatu Ayinde ní káàdì pupa, kò pẹ́ wọ́n tún fún Rasheedat Ajibade. Èèyàn mẹ́sàn-án ló gbá a dé ìṣẹ́jú 120 ní 1-1. Wọ́n wá fi pẹ́náritì lé wa, 5-4. Àwọn tó jí láàárọ̀ tó rí èsì nìkan sọ pé Nàìjíríà ti rẹ̀yìn. Ẹni tó bá wo eré yẹn kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti pàdánù tí mo sì ń pàtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Pẹ́náritì tún ń bọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Fáínà 2018 ní Accra, 0-0 pẹ̀lú South Africa, pẹ́náritì la fi gbà á. Ní 2024, Gánà fi lé Àlùjéríà lọ ní kọ́tà-fáínà, South Africa fi lé Sẹ̀nẹ̀gà lọ, Gánà tún fi gba ipò kẹta lọ́wọ́ South Africa. Nítorí náà ẹ má kàn mọ orúkọ àwọn tó ń gbá gólù wọlé, ẹ mọ asọ́lé. Chiamaka Nnadozie ni tiwa, òun ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ asọ́lé tó dáa jù ní 2024. Ẹ wo ẹsẹ̀ asọ́lé, ẹ má wo bọ́ọ̀lù, ẹ ó rí ẹni tó ń kánjú.

Ọ̀rọ̀ ibi tẹ́ ẹ ti máa wò ó ò gùn. Aago Mòrókò àti tiwa ò yàtọ̀ láàárín ọdún àfi ìgbà ààwẹ̀ Ramadan, torí náà tẹ́ ẹ bá rí aago 9 alẹ́ níbẹ̀, aago 9 alẹ́ náà ni. Tó bá jẹ́ viewing centre lẹ fẹ́ lọ, ẹ lọ bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ kó èèyàn mẹ́fà méje dání kó rí i pé owó wà níbẹ̀. Mo ti sanwó wọlé sí ọ̀kan rí, òǹwòran kún, ọ̀gá yìí lọ gbé eré ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ àwọn ọkùnrin òyìnbó tí kò tilẹ̀ ní ife nínú síwájú wa, ó ní èyí tó ń tà nìyẹn. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé láti gba owó mi padà.

Ti fáínà, ìmọ̀ràn ẹyọ kan ni mo ní: ẹ má pa tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ 26 July 2025, ní Rabat, a kò tíì gbá ìṣẹ́jú 25 tí Mòrókò ti gbá méjì wọlé wa, Ghizlane Chebbak àti Sanaa Mssoudy. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dìde, ẹ lọ mu omi, ẹ padà wá jókòó. Lẹ́yìn ìsinmi, ìṣẹ́jú 64, Esther Okoronkwo fi pẹ́náritì gba ọ̀kan padà. Ìṣẹ́jú 71, òun náà ló gbé e fún Folashade Ijamilusi, 2-2. Rẹfirí tún fún Mòrókò ní pẹ́náritì, VAR, ìyẹn àwọn tó ń yẹ eré wò lórí fídíò, pè é, ó lọ wò ó, ó gbà á padà. Ẹ ò lè mọ bí ilé ṣe dákẹ́ tó láàárín ìgbà tó lọ wò ó sí ìgbà tó fọwọ́ pè é. Ìṣẹ́jú 88, Okoronkwo gbá frii-kíìkì wọlé sí àárín wọn, Jennifer Echegini sáré pàdé ẹ̀.

Àǹtí mi tí kò fẹ́ wo Bòtswánà ló já bíírò gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọ 3-2 gàdàgbà sínú àpótí fáínà, wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀. Mo ní Àǹtí, ó ku ìṣẹ́jú méjì, wọ́n tún máa fi àfikún sí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fagi lé e ná. Wọ́n ní àwọn ò fagi lé nǹkan kan, wọ́n sì jókòó lórí ìwé náà títí rẹfirí fi fọn fèrè.